Káàdì Tí Kò Tíì Tán

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fàòsíyà, kì í pariwo. Bí inú bá bí i, ńṣe ló máa ń gbálẹ̀. Á gbá yàrá, á gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbá iwájú ilé wa ní Cacaveli títí dé ojú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò á sì máa bi ìyá wa pé ta ló tún ṣẹ Fàòsíyà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó gbálẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ sọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, àti bó ṣe gbẹ̀san.

Lomé ni wọ́n bí wa sí. Bàbá bàbá wa ló ti Ṣakí wá síbí. Ìyá wa, Bàṣírátù, ń ta abọ́ tánńganran ní Bè-Kpota títí di òní. Fàòsíyà ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú ilé wa, kọ̀ǹpútà ló sì kọ́. Nígbà tó parí, ó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kékeré kan tó ń ṣe ètò orí fóònù. Wọ́n ní àwọn á fi oṣù díẹ̀ dán an wò ná.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni pé kó máa kọ ìtàn aṣàmúlò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé àlọ́ ni. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bí èèyàn bá fẹ́ ṣe ètò tí àwọn mìíràn á máa lò, kò gbọ́dọ̀ kàn jókòó kó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é láti inú orí ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó máa lò ó, kó béèrè ohun tó ń fẹ́, kó sì kọ ọ́ sórí káàdì kékeré kan bí ẹni pé ẹni náà gan-an ló ń sọ̀rọ̀: gẹ́gẹ́ bí irú èèyàn báyìí, mo fẹ́ nǹkan báyìí, kí n lè ṣe báyìí. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí káàdì kan. Wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Apá mẹ́ta ni pátákó náà pín sí: ohun tí a ó ṣe, ohun tí a ń ṣe lọ́wọ́, ohun tó ti tán. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni káàdì ń kúrò ní apá kan bọ́ sí òmíràn.

Mo ní, "Àǹtí, káàdì yìí mà kéré o."

"Ó gbọ́dọ̀ kéré ni," ó dá mi lóhùn. "Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀. Ó kàn ń rán wa létí pé a ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹni náà sọ gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ní káàdì, tí kò ní ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pépà lásán ló ní."

Mo rántí ohun tó sọ yìí dáadáa, nítorí òun náà ló padà wá lò.

Aristide ni ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Ṣáátì funfun ló máa ń wọ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó máa dun èèyàn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Honoré ló ń sọ káàdì di ètò lórí fóònù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Honoré. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ó máa ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé Fàòsíyà dé ìkòríta wa, kì í sì í gba nǹkan kan. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá fún wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí, tó ń bá ìyá wa àti àwọn ìyá ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ẹrù ní pọ́ọ̀tù. Ó fẹ́ ètò kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ á fi máa mọ ibi tí kọ̀nténà wọn dé.

Mo ní láti sọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń kó kọ̀nténà, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹrù ẹnì kan kì í kún kọ̀nténà. Wọ́n á para pọ̀: ẹni yìí á kó abọ́, ẹni yẹn á kó bàtà, ẹlòmíràn á kó aṣọ ojú fèrèsé. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi sórí ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbì kankan. Bí kọ̀nténà bá dé iwájú ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Bè-Kpota, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ àfi tí gbogbo ẹni tó ní ẹrù níbẹ̀ bá pé. Ẹni tí kò bá lè wá á ní kí ẹlòmíràn wá dúró fún òun. Wọ́n á dúró sójú kan, wọ́n á máa wo ìlẹ̀kùn bó ṣe ń ṣí. Bí abọ́ bá ti fọ́, gbogbo wọn á jọ rí i pé inú ọkọ̀ òkun ló ti fọ́. Bí páálí kan bá dín, kò sẹ́ni tó máa wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwòkuwò.

Nígbà tí Fàòsíyà kọ́kọ́ lọ bá wọn ní ilé ìkẹ́rùsí, Àlàájà Àyìnkẹ́, tó jẹ́ olórí wọn, fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ ọmọ Bàṣírátù, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwa náà lo tún padà wá gbọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí lẹ fẹ́ kí fóònù yín máa ṣe fún yín?"

"Kó máa dáná fún mi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fàòsíyà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

"Ó dáa, kọ ọ́ sílẹ̀," ni Àlàájà wí. "Kọ̀nténà tó ń bọ̀ yìí, orúkọ ìyá rẹ ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe tèmi. Mo fọkàn tán ìyá rẹ o. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó di pé mò ń wá ọkàn tí mo máa fi tán an."

"Mò ń gbọ́ ọ o!" ni ìyá wa kígbe láti ẹ̀yìn abọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ò ń gbọ́, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Fàòsíyà, mo fẹ́ kí fóònù pè mí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Kó má jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i tán. Kí n lè wà níbẹ̀, kí n má baà bá ìyá rẹ jà. Ó ti pẹ́ jù tí a ti ń bára wa bọ̀."

Fàòsíyà kọ káàdì náà. Faransé ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ní Yorùbá nìyí: Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ẹrù nínú kọ̀nténà tí orúkọ mi kò sí lórí rẹ̀, mo fẹ́ kí a pè mí kí a tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀, kí n má baà bá ọ̀rẹ́ mi jà.

Ó gbé e wálé wá fi hàn mí. Mo rò pé ó dára gan-an. Mo gbọ́ ohùn Àlàájà nínú rẹ̀.

Aristide fi ìka méjì gbé káàdì yẹn sókè bí ẹni gbé ẹja tó ti rà. Ó mú bírò pupa, ó kọ ọ́ sí igun káàdì pé kò tíì tán. Ó ní, "Ọ̀rẹ́? Ìjà? Ìtàn ọjà lo kọ fún mi yìí, Fàòsíyà. Kọ aṣàmúlò. Aṣàmúlò ni gbogbo wọn." Fàòsíyà tún un kọ, ṣùgbọ́n kò yọ ọ̀rẹ́ kúrò níbẹ̀. Aristide tún dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe sí ọ̀pọ̀ káàdì rẹ̀. Bó bá ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, a máa ń rí àmì bírò pupa lójú rẹ̀ ká tó rí i lórí káàdì inú àpò rẹ̀.

Ó fara dà á. Ohun tí kò lè fara dà ni ti ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ní ilé ìkẹ́rùsí.

A kì í ní ẹ̀kọ́ ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, nítorí náà mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Aristide àti Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí wá kí àwọn ìyá, Fàòsíyà sì tẹ̀ lé wọn. Èdè Mínà tí wọ́n ń sọ ní Lomé ni Aristide ń bá wọn sọ, torí kò gbọ́ Yorùbá. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ohun tó ń tán àfi tí ẹni tí a ṣe é fún bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti tán. Òfin mi nìyẹn." Inú àwọn ìyá dùn sí i. Ẹnì kan wá béèrè nǹkan nípa ìlẹ̀kùn kọ̀nténà. Fàòsíyà la ẹnu láti dáhùn. Aristide gbọ́wọ́ sókè sí i.

"Fàòsíyà, kọ̀wé. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ọmọ tó ń bá mi da ìwé kọ ni. Ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Ìyá wa ń nu abọ́ kan lọ́wọ́. Ó ṣáà ń nu abọ́ kan náà títí tí wọ́n fi lọ.

Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, Aristide sọ fún Fàòsíyà pé ìdánwò rẹ̀ ti parí, kó máa lọ, Faransé rẹ̀ kò mọ́ tó. Ó ní kó fi àwọn káàdì sílẹ̀. Honoré sọ fún wa lẹ́yìn náà pé orúkọ Aristide ló ti wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn.

Ìgbà yẹn ni ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ń bínú. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo ronú oríṣiríṣi nǹkan burúkú. Mo sọ fún Fàòsíyà pé kí a da iyanrìn sínú ibi tí Aristide ń rọ epo sí lára ọkọ̀ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgbálẹ̀ dúró.

"N kò ní fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀," ó ní. "Ohun tó gbà lọ́wọ́ mi ni n ó jẹ́ kó lò. Níwájú ìyá mi àti níwájú Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí ló ti dójú tì mí. Níwájú wọn náà ni ojú á ti tì í. N kò fẹ́ ibòmíràn, Rẹ̀mí. Inú ilé ìkẹ́rùsí yẹn gan-an ni mo fẹ́."

Kò yé mi bó ṣe máa ṣe é. Ìgbà tí Honoré pè é ló wá yé mi. Fàòsíyà ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Fàòsíyà, jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan. Káàdì kọ̀nténà yìí ti yàtọ̀. Ọ̀gá ti yí i padà sí: Gẹ́gẹ́ bí aṣàmúlò, mo fẹ́ mọ ìgbà tí kọ̀nténà mi bá dé, kí n lè gba ẹrù mi. Bí mo bá ṣe é báyìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ pé òun ti gbà á, kọ̀nténà náà ti parí nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́jà?"

Áyọ́ọ̀nù dúró lórí aṣọ. Mo rò pé ó máa jó o.

"Honoré, ta ni ọ̀gá rẹ?"

"O mọ̀ ọ́n. Aristide ni."

"Kọ ohun tí ọ̀gá rẹ ní kí o kọ."

"Mo kàn ní kí n bi ẹ́ ni, torí ìwọ lo bá wọn sọ̀rọ̀."

"O ti bi mí. Ó dàbọ̀, Honoré."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò sọ fún un?"

"Mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́. Ó dá a padà fún mi."

Ohun kan ṣoṣo ló ṣe lẹ́yìn náà. Ó lọ kí Àlàájà Àyìnkẹ́, ó ní, "Àlàájà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fi iṣẹ́ náà hàn yín, ẹ wá ara yín nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ara yín, ẹ má sọ pé ó ti tán. Òfin tiwọn ni." Àlàájà wò ó lójú, ó ní, "Ojú rẹ ti pọ́n, ọmọ yìí. N ó wá ara mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa fi iṣẹ́ hàn, Aristide fúnra rẹ̀ pè. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Bọ́júù, Fàòsíyà, ṣé àlàáfíà ni? Mo ń wo àwọn káàdì àtijọ́. Ọ̀kan wà tó ń sọ̀rọ̀ ìjà àti ọ̀rẹ́. Kí lo ní lọ́kàn gan-an níbẹ̀? Àwọn obìnrin yẹn lè béèrè."

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ìtàn ọjà ni."

"Mo mọ̀, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ sì ní n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "O ṣì ń bínú? Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Fàòsíyà pa fóònù, ó lọ wọ aṣọ tó rán nígbà Iléyá, ó sì wé ìborí rẹ̀ dáadáa níwájú dígí. Sémì, alùpùpù akérò, méjì la gùn lọ sí Bè-Kpota, òun àti ìyá wa lórí ọ̀kan, èmi lórí èkejì. Nígbà tí a débẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa lórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wá. Kò kí Aristide. Honoré juwọ́ sí i láti ìdí tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n gbé wá, Fàòsíyà sì mi orí sí i díẹ̀.

Pátákó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn káàdì. Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí jókòó sórí àga níwájú. Aristide bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn ìyá mú fóònù wọn dání, kí a sọ pé kọ̀nténà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Honoré tẹ nǹkan kan. Lójijì gbogbo fóònù inú ilé ìkẹ́rùsí ké pọ̀. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ jó díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Aristide ti bọ́, pé àwọn ìyá á sọ pé iṣẹ́ náà ti tán. Mo wo Fàòsíyà. Ó káwọ́ lé itan, kò mira.

"Ó dáa," ni Aristide wí. "Àlàájà, ẹ bá mi tẹ ibí yìí, ibi tó ní ẹ ti gba ẹrù yín."

Àlàájà Àyìnkẹ́ tẹ̀ ẹ́. Fóònù rẹ̀ kọ ọ́ pé a dúpẹ́, kọ̀nténà yìí ti parí. Ní ìgbà kan náà, ojú fóònù ìyá wa funfun báláú.

"Abọ́ mi dà?" ni ìyá wa wí.

"Mo ti gbà á," ni Àlàájà dáhùn. "Gbogbo rẹ̀. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Àyìnkẹ́! Abọ́ mi!"

"Bàtà tèmi ńkọ́?" ni obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Òun náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ kí mi kú oríire, mo ti di ọlọ́rọ̀ láti orí ìjókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà yí padà. Obìnrin oníbàtà dìde. Mínà ló fi ń bá Aristide sọ̀rọ̀, kí ó lè gbọ́ ọ yékéyéké.

"Dúró ná, ọkọ mi. Ṣé bí mo bá wà nílé tí ara mi kò yá, tí ẹnì kan tẹ nǹkan yìí, wọ́n lè ṣí kọ̀nténà láìsí mi níbẹ̀?"

"Ìyá, aṣàmúlò ló máa..."

"Ta ni aṣàmúlò?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èwo nínú wa?"

Aristide yíjú sí pátákó. Ó yọ káàdì náà, ó kà á, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

Àlàájà kò ṣeré mọ́. Ó ní, "Èmi Àyìnkẹ́ sọ fún ẹni tó wá bi mí pé kí fóònù pè mí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo ti wá ara mi títí nínú nǹkan yìí, n kò rí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ dà?"

Mo rí i tí òógùn yọ ní iwájú orí Aristide. Ojú rẹ̀ lọ káàkiri, ó sì dúró lára ẹ̀gbọ́n mi.

"Fàòsíyà," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi ṣàlàyé fún wọn."

Gbogbo ilé ìkẹ́rùsí yíjú sí wa. Fàòsíyà dìde. Ó tún ìborí rẹ̀ ṣe. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.

"Ọ̀gá, ibí yìí gan-an lẹ ti sọ pé n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ tó ń bá yín da ìwé kọ ni mí."

Ó jókòó padà. Ìyá wa di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mùsíyé Aristide, ta ló kọ káàdì yìí?"

"Ọ́fíìsì wa ni."

"Orúkọ yín ni mo rí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ̀yin lẹ máa mọ ohun tó túmọ̀ sí."

Aristide gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn á tún ibẹ̀ yẹn ṣe, kí àwọn ìyá jẹ́ kí òun gbé àwọn káàdì tó kù sí apá ohun tó ti tán. Ó ti na ọwọ́ sí ọ̀kan.

"Kò tíì tán," ni Àlàájà wí.

"Kò tíì tán," ni ìyá wa wí. Ohùn ìyá wa le ju bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lọ. Àwọn tó kù náà sọ ọ́, àwọn kan ní Yorùbá, àwọn kan ní Mínà, bí ẹni ń ṣe àmín. Ọwọ́ Aristide wà lókè lórí pátákó, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. N kò ní purọ́ fún ẹni tó bá ń ka èyí: tèmi náà dùn. Ó dùn mọ́ mi bí omi tútù lẹ́yìn ààwẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n tún ọjọ́ yẹn rí, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí lókè yẹn ni mo máa ní kí wọ́n tún fi hàn mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, Honoré dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wáyà tẹlifíṣọ̀n ní ọrùn.

"O mọ̀," ó sọ fún Fàòsíyà.

"Mo mọ̀."

"Mo bi ẹ́, Fàòsíyà. Mo pè ẹ́, mo sì bi ẹ́."

Honoré gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, Aristide lé e kúrò níṣẹ́, ó sọ fún gbogbo èèyàn pé Honoré ló ba ètò náà jẹ́. Nígbà tí Fàòsíyà gbọ́, kò gbálẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ìgbálẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ Aristide, ó ní kí Fàòsíyà wá ṣe é. Fàòsíyà ní òun ò lè ṣe é láìsí Honoré, ó sì lọ bẹ Honoré nílé rẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Honoré gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo máa bá ẹ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n má retí pé n ó máa bá ẹ ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú pálọ̀ wa. Honoré á kí ìyá wa, á kí mi, á bi Fàòsíyà ní ohun tó bá fẹ́ bi í, á sì máa lọ. Kò gbé e sórí alùpùpù rẹ̀ mọ́. Lórí èyí nìkan ni mo ti rí omi lójú ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n ra pátákó tiwọn, wọ́n gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Káàdì tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn ni ti Àlàájà, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti ìjà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Aristide wá sí ilé wa. Ṣáátì rẹ̀ ṣì funfun, ṣùgbọ́n eruku Cacaveli ti bo bàtà rẹ̀. Ìyá wa fún un lómi, torí àlejò ni. Ó mu ún, ó dúpẹ́. Ó wo pátákó, ó wo ilẹ̀.

"Fàòsíyà, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ fún wa mọ́. Àwọn obìnrin yẹn ti sọ ọ̀rọ̀ yìí dé gbogbo ọjà. Padà wá. Gbé iṣẹ́ náà dání, orúkọ rẹ ni yóò wà lórí rẹ̀."

Fàòsíyà mú káàdì kan tí nǹkan kan kò sí lórí rẹ̀, ó fi bírò lé e, ó gbé e ka iwájú rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni?"

"Ohun tí ẹ fẹ́. Bí a ṣe ń kọ ọ́."

Mo rò pé ó máa dìde lọ. Ó kọ ọ́. Fàòsíyà gbà á, ó kà á sókè: "Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ọ́fíìsì, mo fẹ́ kí Fàòsíyà padà síbi iṣẹ́, kí a lè rí iṣẹ́ Ọlásúnkànmí gbà padà." Ó mú bírò pupa láti inú àpò rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí igun rẹ̀ pé kò tíì tán, ó sì fún un ní òmíràn.

"Ọ̀gá ọ́fíìsì kọ́ ló jókòó sórí àga ìyá mi yìí. Ta ni yín níbí?"

Aristide wo ìyá wa. Ìyá wa ń wo ojú fèrèsé. Aristide tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, láti ibi tí mo jókòó sí, mo rí bí bírò náà ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀: Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba iṣẹ́ Fàòsíyà, tó sì dójú tì í níwájú ìyá rẹ̀, mo fẹ́ kó dárí jì mí, kí n lè...

Bírò dúró.

"Kí ẹ lè ṣe kí ni?" ni Fàòsíyà bi í.

Ó ronú. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ronú lóòótọ́, kò díbọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní, "N kò mọ̀."

"Fàòsíyà," ìyá wa rọra sọ ní Yorùbá, "ó ti tó báyìí."

"Màmá, kò tíì tó."

Ó gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ síbi pátákó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ohun tí a ó ṣe, nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ gbogbo ti àwọn ìyá.

"Bí ẹ bá mọ ohun tó kù, ẹ padà wá parí rẹ̀," ó ní. "Ó dàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ ṣọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà yẹn bí ẹ bá ń jáde."

Kò tíì padà wá. Ètò àwọn ìyá ti wà lórí fóònù wọn báyìí. Bí kọ̀nténà bá dé, ó ń pe gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn, kì í sì í parí àfi tí gbogbo wọn bá sọ pé àwọn dúró níbẹ̀. Àlàájà àti ìyá wa kò tíì jà. Gbogbo káàdì inú pálọ̀ wa ti kúrò ní apá àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi ọ̀kan. Honoré ti bi í rí bóyá kí òun yọ ọ́ dànù. Fàòsíyà ní kó fi í síbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló lè sọ pé ó ti tán.

Bí mo bá ń gbálẹ̀ pálọ̀, atẹ́gùn ìgbálẹ̀ máa ń já a bọ́. Láàárọ̀ yìí ó tún já bọ́. Mo ṣà á nílẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀, mo wo ibi tí bírò ti dúró. Mo lẹ̀ ẹ́ padà sí àyè rẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó dáadáa.